Ìbọn Tí Akínlóyè Dán Wò

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé Akínlóyè fẹ́ràn ìbọn. Ọdún márùn-ún tó fi ṣe ọlọ́pàá l'Ábẹ́òkúta kó tó wá sílùú òyìnbó, ìbọn sú u débi pé ó máa ń lá a lálàá. Bọ́ọ̀sì ló ń wà báyìí ní Manchester, Rochdale lòun àti Ọmọ́tọ́lá ìyàwó rẹ̀ ń gbé, bó bá sì ti ibi iṣẹ́ dé, kò sóhun tó máa ń wù ú ju kó bọ́ bàtà, kó jẹ ẹ̀bà, kó na ara rẹ̀ sórí àga. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wá sọ di ẹni tó ń kó ìbọn pamọ́ sílé. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbà á lọ́kàn lọ́dún náà, ọ̀rọ̀ Ayọ̀mikún sì ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Ayọ̀mikún, ọmọ Yéwándé, àbúrò Akínlóyè obìnrin, tó kú sí Rochdale níbí. Bàbá ọmọ náà ti fẹsẹ̀ fẹ kí wọ́n tó bí i. Ìjọba gbé ọmọ náà fún obìnrin òyìnbó kan ní Wigan pé kó máa bá wọn tọ́jú rẹ̀ títí wọn yóò fi rí ẹbí tó yẹ, tí wọn kò bá sì rí, wọn a wá ẹlòmíràn tí yóò gbà á pátápátá. Akínlóyè ní ẹlòmíràn wo? Ọmọ Yéwándé kọ́ ni yóò máa jẹ́ orúkọ òyìnbó káàkiri nígbà tí òun wà láyé.

Ẹ wo bó ṣe wá ṣe é o. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan lóṣù Kìíní, nínú ìjọ wọn ní Whalley Range, nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí jáde wá, Akínlóyè dìde, ó gba máíìkì. Ó sọ bí Yéwándé ṣe kú, ó sọ bí ọmọ ṣe wà lọ́wọ́ àjèjì, ó wá ní Ọlọ́run ti bá òun sọ̀rọ̀, òun àti ìyàwó òun yóò gba ọmọ náà. Ilé mì. Gbogbo ìjọ pariwo "Àmín!" Ọdún mọ́kànlá ni Akínlóyè àti Ọmọ́tọ́lá ti ṣègbéyàwó láìbímọ, gbogbo wọn ló sì mọ̀ ọ́n, ni àwọn ìyá ìjọ bá rọ́ lu Ọmọ́tọ́lá, wọ́n ń sọ fún un pé bó bá ti gba ọmọ yìí tọ́, tirẹ̀ ti dé nìyẹn. Wọ́n fà á jáde síwájú. Ọmọ́tọ́lá jó. Ó jó débi pé gèlè rẹ̀ tú, Akínlóyè sì dúró pẹ̀lú máíìkì lọ́wọ́, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Lẹ́yìn ìyẹn ló tó lọ bá Tabitha, sóṣà wọ́kà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọ náà. Tabitha bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ wọ́n wò. Ó wo ilé, ó wo iṣẹ́, ó wo ìlera, ó bi Akínlóyè ní ìbéèrè tí àwọn àna rẹ̀ pàápàá kò bi í lọ́jọ́ tó lọ tọrọ ọmọ wọn. Ó ní kí wọ́n mú ẹnì kan wá tó mọ̀ wọ́n láti ọ̀pọ̀ ọdún, tó lè jẹ́rìí sí ìwà wọn. Akínlóyè kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, Moyọ̀sọ́rẹ ló mú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ ni, wọ́n jọ ń gbààwẹ̀, wọ́n sì máa ń gbàdúrà pọ̀ lórí fóònù láràárọ̀ kí kálukú tó lọ síbi iṣẹ́. Kò sí àṣírí Akínlóyè tí Moyọ̀sọ́rẹ kò mọ̀, nítorí bí nǹkan bá ti ká a lára, ó ti di kókó àdúrà nìyẹn.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ìjọba a tún máa jẹ́ kí wọ́n lọ wo ọmọ náà? Wọ́n á pàdé níbi ìṣeré kan ní Wigan, obìnrin òyìnbó náà á jókòó lọ́ọ̀ọ́kán. Akínlóyè á sáré, á gbé ọmọ pọ̀n, á pè é ní ìyá òun. Ọmọ́tọ́lá á gbé ìrẹsì àti dòdò wá nínú kúlà, á gbé e kalẹ̀, á wá jókòó ti fóònù rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Ayọ̀mikún fa Akínlóyè létí sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó bi í ní gẹ̀ẹ́sì Manchester tirẹ̀ pé ṣé Auntie fẹ́ràn òun ṣá, torí wọn kì í wo òun lójú. Akínlóyè rẹ́rìn-ín. Ó ní ojú ló ń ti Auntie.

Lóṣù Kẹrin, Ọláolú, àbúrò Akínlóyè tó wà ní Houston ní Amẹ́ríkà, bí ọmọ ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Akínlóyè sì wọ bàlúù lọ bá wọn ṣe ìkómọ. Ọmọ́tọ́lá kò ráyè kúrò níbi iṣẹ́ rẹ̀ nílé àwọn arúgbó, òun nìkan ló lọ. Ó débẹ̀, ó bá gbólóhùn asọ̀ nílẹ̀. Wọ́n ti fọ́ ilé aládùúgbò wọn, ni Ọláolú bá lọ ra ìbọn ìléwọ́ kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní mágínọ́mù, ìbọn bíńtín tí èèyàn lè tì bọ àpò. Ìyàwó Ọláolú ní ìbọn náà kò ní sun ilé òun àfi bí Bọ̀ọ̀dá Akín, tó ti ṣe ọlọ́pàá rí, bá dán an wò tó ní ó dára. Ọláolú dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní ohun tí wọ́n bá sọ lòun máa ṣe.

Wọ́n jọ lọ sí gbọ̀ngàn gbọọrọ kan tí wọ́n ti ń yìnbọn fún ìdárayá, wọ́n gbé nǹkan bo etí, wọ́n wo dígí sójú. Akínlóyè kò kánjú. Ó kọ́kọ́ gbé ìbọn náà yẹ̀ wò láìsí ọta nínú rẹ̀. Kò wúwo ju agolo mílíìkì lọ, ẹnu rẹ̀ kò sì gùn ju ìka àárín lọ. Ó ṣí àgbá kékeré tó ń gba ọta, ó yí i kiri, ojú márùn-ún péré ló ní. Ó fa ohun tí wọ́n fi ń yìn ín lófìfo, ó le koko, ó ní ṣe ló dà bí ìgbà téèyàn ń fa okùn jẹnẹrétọ̀ tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń fojú sun nǹkan kéré débi pé ẹni tó ti lé lógójì bíi tirẹ̀ gbọ́dọ̀ fún ojú pọ̀ kó tó rí i.

Ọta mágínọ́mù gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ kì sí i. Ó yìn ín. Yéè! Iná bù yọ lẹ́nu ìbọn, ìbọn fò sókè lọ́wọ́ rẹ̀, àárín àtàǹpàkò rẹ̀ gba ìgbájú, ọta náà kò sì sún mọ́ àárín ìwé tí wọ́n gbé kọ́. Ó yin gbogbo rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ìbọn náà tún ń gba oríṣi ọta kan tó rọ̀ ju ìyẹn lọ. Wọ́n kì í. Ìyẹn ṣeé mú. Akínlóyè rọra dúró, ó mí kanlẹ̀, ó yìn ín títí ó fi tán, gbogbo ihò náà sì kó jọ sí ojú kan tí àtẹ́lẹwọ́ lè bò. Ẹ wo ayọ̀! Ọláolú ti gbé fóònù, ó ń ká a sí fídíò. Akínlóyè yíjú padà, eyín rẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o rí ọkọ rẹ? Ẹni tó bá wọlé wa láìkanlẹ̀kùn, ó ti kú nìyẹn!"

Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì Ọmọ́tọ́lá. Lẹ́yìn ìyá rẹ̀ tó ti kú, kò sí ẹni tó tún ń fi pè é láyé àfi ọkọ rẹ̀, àárín àwọn méjèèjì ló sì mọ. Lójú ẹsẹ̀ ni Akínlóyè fi fídíò náà ránṣẹ́ sí i, òun nìkan ṣoṣo, Ọláolú sì pa tirẹ̀ rẹ́ nítorí ìyàwó tirẹ̀. Ọmọ́tọ́lá fi àwòrán ẹ̀rín dá a lóhùn.

Nínú mọ́tò ló ti wá dájọ́ ìbọn náà fún Ọláolú. Ó ní bó bá jẹ́ ti ìdárayá ni, kó gbàgbé, ẹnu rẹ̀ kúrú jù, ó ń ṣìnà, bí èèyàn bá sì fi mágínọ́mù yẹn ṣeré fún wákàtí kan, ọwọ́ rẹ̀ kò ní lè bu òkèlè lálẹ́. Ní ti ààbò, ó ní òun kò ní parọ́, ìbọn náà ṣeé gbé, kì í há, ẹni tí kò lágbára náà lè lò ó bó bá fi ọta tó rọ̀ sí i. Ó wá bi í pé, ògiri ilé yín, kí ni wọ́n fi mọ ọ́n? Ọláolú ní pátákó ni. Akínlóyè ní, "Ẹ̀yìn pátákó yẹn làwọn ọmọ ẹ ń sùn. Bó o bá yìn ín sólè tó o tàsé, ta ló máa bá? Tà á."

Ọláolú yí rédíò mọ́tò sókè. Bí Akínlóyè ṣe padà sí Rochdale nìyẹn tọ́kàn rẹ̀ kò balẹ̀ lórí àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó dé, bí òun àti Moyọ̀sọ́rẹ ṣe fẹ́ gbàdúrà lórí fóònù, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìbọn náà, bí òun ṣe dán an wò, bí Ọláolú kò ṣe fẹ́ gbọ́. Moyọ̀sọ́rẹ ní ká gbé e lé Ọlọ́run lọ́wọ́, wọ́n sì gbàdúrà.

Lọ́jọ́ Sátidé kan lóṣù Kẹfà, ọlọ́pàá kan ilẹ̀kùn. Wọn kò pariwo, wọn kò ti ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀, wọ́n sì ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́. Ìbọn ìléwọ́ kì í ṣe ohun téèyàn ń ní sílé nílẹ̀ yìí, ẹ̀yin náà mọ̀. Wọ́n ní ẹnì kan ti fi tó wọn létí pé ó ṣeé ṣe kí ìbọn wà nílé náà. Wọ́n tú yàrá, wọ́n tú àjà, wọ́n ti ọwọ́ bọ inú ike gàrí, wọ́n kó ẹja pánlá jáde nínú àpótí, ọ̀kan nínú wọn sì ń gbóòórùn ìgò irú bí ẹni pé ó máa bú gbàù. Yàrá tí wọ́n ti kùn fún Ayọ̀mikún, wọ́n ká bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sókè. Ọmọ́tọ́lá ká ọwọ́ lérí, ó ń sunkún. Àwọn aládùúgbò dúró sójú wíńdò. Wọn kò rí nǹkan kan, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Tabitha ti pè. Ó ní àwọn dá gbogbo ètò dúró ná, wọ́n kò sì gbọ́dọ̀ lọ wo ọmọ náà ní Wigan títí àwọn yóò fi jọ jókòó. Akínlóyè jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń wo ilẹ̀. Ọmọ́tọ́lá wá dúró tì í, ó ní ta ni ọkọ òun sọ ọ̀rọ̀ ìbọn náà fún? Akínlóyè ní Moyọ̀sọ́rẹ nìkan ni. Ọmọ́tọ́lá nu ojú rẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó."

Orí Akínlóyè wú. Moyọ̀sọ́rẹ! Ẹni tóun mú kó wá jẹ́rìí òun! Ó ro ti gbogbo àárọ̀ tí wọ́n ti jọ fi orúkọ Ayọ̀mikún gbàdúrà, ó rí i pé bó ṣe ń sọ "Àmín" ló ń kó ọ̀rọ̀ òun jọ. Kò sùn. Lọ́jọ́ kejì, bí ìsìn ṣe parí, ó dènà de Moyọ̀sọ́rẹ níta níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, níwájú àwọn ọmọ àti àwọn ìyá ìjọ, ó sì gbá táì rẹ̀ mú. Ó pè é ní Júdásì. Ó ní ọlọ́fòófó ni, ó ń jowú òun ni, àdúrà rẹ̀ kò ní gòkè láéláé. Moyọ̀sọ́rẹ kò jà. Ó ń gbìyànjú láti mí, ó ń sọ pé, "Akín, Ọlọ́run nìkan ni mo sọ fún." Àwọn àgbà ìjọ ló já wọn. Ọmọ́tọ́lá wà nínú mọ́tò, ó ń wo wọn láti inú dígí, kò sọ̀ kalẹ̀.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdé, àwọn méjèèjì lọ bá Tabitha ní ọ́fíìsì rẹ̀. Obìnrin náà kì í ṣe ọ̀tá o, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Ó bu omi fún wọn. Ó ní àwọn ọlọ́pàá ti sọ pé kò sí nǹkan nílé náà, inú òun sì dùn sí i, ṣùgbọ́n fídíò kan wà tóun ní láti bi wọ́n léèrè nípa rẹ̀ kí òun tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa kángun sí. Ó yí kọ̀ǹpútà sí wọn.

Fídíò. Akínlóyè kò tíì gbọ́ rí pé fídíò ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ó rí ara rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn Houston, ó rí ìbọn lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó rí ara rẹ̀ tó yíjú padà pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀: "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o rí ọkọ rẹ?"

Moyọ̀sọ́rẹ kò rí fídíò yìí rí. Ẹnu lásán ni Akínlóyè fi sọ ọ́ fún un.

Tabitha ní ẹni tó fi ránṣẹ́ kò dárúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó bá àwọn túmọ̀ ohun tí Akínlóyè ń sọ níparí. "Ó ní ẹ sọ pé ẹni tó bá wọ ilé yín, ó ti kú. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Akínlóyè gbé ife omi rẹ̀ kalẹ̀. Kò wo ìyàwó rẹ̀, kò nílò láti wò ó, ó ń gbọ́ bó ṣe ń fi èékánná họ okùn báàgì rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́. Àbẹ̀kẹ́ tó ká ọwọ́ lérí lọ́jọ́ Sátidé! Àbẹ̀kẹ́ tó jókòó sínú mọ́tò tó ń wò ó bó ṣe fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rùn! Ohun tó dùn ún jù kì í ṣe fídíò. Ìtumọ̀ náà ni. Ó ti jókòó, ó ti ronú, ó ti gé oríkì ara rẹ̀ kúrò níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó sì fi ikú sílẹ̀ fún òyìnbó kà.

Ó ṣì lè yí i o. Ó lè ní àwàdà ni, kó fi ẹ̀bi sílẹ̀ lọ́rùn Moyọ̀sọ́rẹ, kí wọ́n padà sílé. Ọlọ́pàá kò rí nǹkan kan, Tabitha sì ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ gbà á gbọ́. Bó bá dákẹ́, ó ṣeé ṣe kí Ayọ̀mikún dé kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé. Ṣùgbọ́n ilé ta ni yóò dé? Ọ̀dọ̀ ta ni yóò ti máa jí láàárọ̀? Ó rántí ìbéèrè tí ọmọ náà bi í ní Wigan, ó sì rántí pé òun fi ẹ̀rín dáhùn.

Ó ní, "Òótọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni wọ́n túmọ̀ fún yín. Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ ni pé, Àbẹ̀kẹ́, ṣé o rí ọkọ rẹ?"

Tabitha kọ ọ́ sílẹ̀. Ó gbójú sókè, ó bi í wẹ́rẹ́ pé, "Ta ni Àbẹ̀kẹ́?"

Akínlóyè yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Ọmọ́tọ́lá tẹ báàgì mọ́ra, ó ní, "Èmi ni."

Níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, Akínlóyè ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń bú èèyàn. Ó kàn bi í pé kí lòun ṣe fún un. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ" ni Ọmọ́tọ́lá máa ń fi bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kódà bí wọ́n bá ń jà. Lọ́jọ́ yìí, kò lò ó.

"O gba máíìkì," ló sọ. "Orí ìjókòó ni mo wà tí mo ti gbọ́ pé mo ti di ìyá ọmọ Yéwándé. Ṣé o bi mí? Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ Ọlọ́run, o wá dá mi lóhùn níwájú ìjọ. Wọ́n ní kí n jó. Mo jó."

Akínlóyè ní ó lè sọ fún òun nílé. Ọmọ́tọ́lá ní nílé wo, nígbà tí ìjọ ti ṣe Àmín, tí pásítọ̀ ti gbàdúrà, táwọn èèyàn Abẹ́òkúta ti ń pè láti kí i kú oríire? Bó bá ní òun kò ṣe, wọ́n á pe òun ní àgàn burúkú tó kọ ọmọ òrukàn. Ó ní òun rò pé bí Tabitha bá rí fídíò náà, yóò kàn sọ pé rárá, ọ̀rọ̀ á sì tán láìjẹ́ pé òun lòun sọ ọ́. Òun kò mọ̀ pé ọlọ́pàá máa dé.

"Moyọ̀sọ́rẹ ńkọ́?"

"Ìwọ lo dárúkọ rẹ̀. Èmi kọ́."

Ó dun Akínlóyè. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, ó dùn ún ju ikú Yéwándé lọ, torí ikú kò jókòó tì í nídìí tábìlì kó máa bu ọbẹ̀ fún un. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ máíìkì yẹn há a lọ́fun, kò lè gbé e mì, kò sì lè pọ̀ ọ́.  Ọmọ́tọ́lá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní London kó tó di ọjọ́ Ìsinmi.

Tabitha pe Akínlóyè lẹ́yìn ìyẹn. Ó ní ti tọkọtaya ti parí, ṣùgbọ́n bí Akínlóyè nìkan bá ṣì fẹ́ ọmọ náà, àwọn lè bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kó tètè sọ o, torí wọ́n ti ń wo ìdílé kan tó jìnnà sí Manchester. Ohun àkọ́kọ́ tóun nílò ni ẹnì kan tó ti mọ̀ ọ́n láti ọ̀pọ̀ ọdún, tó máa bá òun sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ó bi í bóyá ti Moyọ̀sọ́rẹ ṣì dúró.

Ọjọ́ náà gan-an ni Ọláolú pè láti Houston. Ó ní òun ti ta ìbọn náà, ìyàwó òun ti sinmi, ẹ̀gbọ́n òun ló jàre. Ó wá béèrè bóyá Ayọ̀mikún ti dé. Akínlóyè ní kò tíì dé. Ó ní kó máa bá òun gbàdúrà, bó sì ti pa fóònù ló wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó forí lé ilé Moyọ̀sọ́rẹ ní Whalley Range.

Moyọ̀sọ́rẹ fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Akínlóyè dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà fún ọkùnrin tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́, títí kan Àbẹ̀kẹ́. Moyọ̀sọ́rẹ gbé e dìde. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní òun bá a kẹ́dùn, ó ní inú òun kò dùn rárá sí ohun tí Ọmọ́tọ́lá ṣe. Akínlóyè wá sọ ohun tó bá wá, ó ní kó jọ̀ọ́, kó ran òun lọ́wọ́, kó bá Tabitha sọ̀rọ̀.

Moyọ̀sọ́rẹ gbé ọwọ́ sí ọrùn ara rẹ̀. Kò dà bí ẹni pé ó mọ̀ pé òun gbé e síbẹ̀.

"Mo ti dárí jì ẹ́, Akín. Láti ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti dárí jì ẹ́. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn máa bi mí bóyá o máa ń bínú. Ó máa bi mí bóyá o ti fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni rí. O mọ̀ pé n kì í parọ́. Torí ẹ̀ lo ṣe mú mi."

Ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó ń dúró kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ohun tí òun máa wí fún Tabitha. Akínlóyè dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́, ó ń wo ọwọ́ tó wà lọ́rùn Moyọ̀sọ́rẹ.